Ọjọ́ Mẹ́sàn-án Tó Sọnù Nínú Ìwé Òjò Tarumayo

Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú méjìlá ni, ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú kan nínú oṣù Kọkànlá, nígbà tí bàbá àgbàlagbà kan tí mi ò mọ̀ rí na ìka sí fèrèsé ọ́fíìsì kan ní Kennington, tí wọ́n sì sọ fún mi pé, "Èyí kì í ṣe òjò."

Omi ń ṣàn lára gíláàsì náà. Mo wò ó, mo tún wo ojú wọn. Ọjọ́ kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ cleaning nìyẹn, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń bá mi ṣàwàdà ni tàbí wọ́n ń dán mi wò. Mo ní, "Sà?"

"Omi lásán lèyí," ni wọ́n wí. "Òjò máa ń sọ fún èèyàn pé òun ń bọ̀."

Mi ò mọ ohun tó ṣe mí, ẹkún gbá mi mú. Ọ̀rọ̀ wọn kò dùn mí rárá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé èrò yẹn gan-an ti wà lọ́kàn mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tí mo ti dé London, mi ò sì rí ẹni sọ ọ́ fún. Nílé, òjò á kọ́kọ́ ṣú. Atẹ́gùn á dìde, ilẹ̀kùn á máa gbá, àwọn aládùúgbò á máa pe ara wọn pé kí wọ́n wá ká aṣọ wọn, òórùn ilẹ̀ á sì ti dé imú kí ẹ̀kán kan ṣoṣo tó bọ́. Ní Peckham, èèyàn á kàn ṣàdédé rí i pé èjìká òun ti tutù ni. Kò sẹ́ni tó ń sáré. Kò sẹ́ni tó ń pe ẹnìkan. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tó yẹ kí àgbàlagbà máa sunkún sí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó yé yín bó ṣe rí.

Ìdààmú bá bàbá náà. Wọ́n na aṣọ ìnulẹ̀ ọwọ́ wọn sí mi kí n fi nu ojú, wọ́n tún yára fà á padà. "Rárá, rárá! Kẹ́míkà wà lára ẹ̀. Ojú ẹ á fọ́, wọ́n á ní èmi ni."

Bí mo ṣe mọ Bàbá Eusebio nìyẹn.

Ọmọ Bòlífíà ni wọ́n, láti ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Tarumayo. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, tiwọn ní ohùn Spanish, tèmi ní ohùn ilé. Èmi ni mo ń fi "ẹ" àti "wọ́n" sí ọ̀rọ̀ wọn bí mo ṣe ń kọ ọ́ síbí, nítorí pé bí mo ṣe ń gbọ́ ọ lọ́kàn mi nìyẹn. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún díẹ̀. Ìyàwó wọn ti kú. Deptford ni wọ́n ń gbé, ọmọbìnrin wọn àtàwọn ọmọ ẹ̀ wà ní Forest Hill, wọ́n sì máa ń lọ kí wọn ní ọjọ́ Àìkú.

Èmi ní tèmi, Geography ni mo kà nílé, Masters lórí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ló gbé mi wá. Yàrá ẹ̀yìn nílé Aunty Sìdí ni mo ń gbé ní Peckham. Ọ̀rẹ́ Mummy mi láti kékeré ni Aunty Sìdí. Obìnrin tó máa ń sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ ni wọ́n, àdúrà òwúrọ̀ wọn ló sì máa ń jí mi fún iṣẹ́.

"Ẹni tó ń ṣe Masters ló ń fọ toilet òyìnbó?" ni wọ́n bi mí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gba iṣẹ́ náà.

"Aunty, wọn ò fún mi ní toilet. Kitchen ni wọ́n fún mi."

"Ó dáa. Kitchen manager, ẹ káàárọ̀ o." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. "Má bínú sí mi. Èmi náà ṣe é fún ọdún mọ́kànlá. Wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì."

Mi ò sọ fún Mummy. Tí wọ́n bá pè, mo máa ń sọ pé mo wà ní ọ́fíìsì. Irọ́ kọ́, mo wà ní ọ́fíìsì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n ń fojú inú rí, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa rí i bẹ́ẹ̀. Ìyẹn dà mí láàmú púpọ̀ ní oṣù àkọ́kọ́ yẹn. Bí mo bá ti pa fóònù tán, mo máa ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, bí ẹni tó jí nǹkan. Mo ń bi ara mi bóyá ọmọ wọn ni mò ń jẹ́ síbẹ̀ tàbí ọmọ ẹnì kan tí wọ́n ń fọkàn yàwòrán.

Nígbà tó di oṣù Kejì, a ní láti mú orí ọ̀rọ̀ fún dissertation. Àwọn ẹgbẹ́ mi mú àwọn ìlú ńlá. Mi ò tíì rí nǹkan kan mú. Mo ráhùn nípa ẹ̀ fún Bàbá Eusebio bí a ṣe ń tú àpò ìdọ̀tí. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé àpò Ghana-must-go ńlá kan wá síbi iṣẹ́, irú èyí tí a fi ń kó ẹrù lọ sílé. Ìwé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà nínú ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá mi," ni wọ́n wí.

Olùkọ́ ilé-ìwé ni bàbá wọn. Ìjọba gbé ìgò kan fún un tí wọ́n fi ń wọn òjò. Láràárọ̀, ní aago mẹ́jọ, kó tó lọ lu agogo ilé-ìwé, bàbá náà á wo omi inú ìgò, á kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, á dà á nù, á gbé ìgò padà. Bí kò bá sí omi, á kọ òdo. Nígbà mìíràn, á fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́: oyin, òtútù, odò. Mo bi Bàbá Eusebio pé kí ni "odò" níbẹ̀. Wọ́n ní àárọ̀ tí wọ́n bá gbọ́ ohùn odò láti inú ilé ni bàbá wọn máa ń kọ ọ́.

Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi di apá àga rẹ̀ mú nígbà tí mo ṣí ìwé àkọ́kọ́ sí iwájú rẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó tíì lo ìwé yìí rí. Ó ní, "Èyí ni dissertation rẹ."

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tó rọ̀ mọ́ ọn fún èmi àti fún Bàbá. Fún èmi, òun ni Masters mi. Fún Bàbá, ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ jùyẹn lọ ni. Wọ́n kúrò nílé ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Oko píìṣì ni wọ́n gbìn, èso pupa tó ní irun wẹ́wẹ́ lára, gbogbo rẹ̀ gbẹ lójú wọn. Wọ́n lọ sí Ajẹntínà, láti ibẹ̀ wọ́n wá sí London. Láti ìgbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n kúrò, èsì kan ni wọ́n ní: òjò sá kúrò ní Tarumayo. Àbúrò wọn kan ti bá wọn jà lórí ẹ̀, ó ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ mi ni kí n kà á nínú ìwé bàbá wọn, kí n sì kọ ọ́ jáde pé òótọ́ ni.

Ọjọ́ Sátidé ni a máa ń pàdé ní láíbìrì Peckham. A á jókòó sí òkè níbi tí fèrèsé ti tóbi, wọ́n á máa túmọ̀, èmi á máa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Bí a bá parí, a á rìn gba Rye Lane, wọ́n á mú àgbàdo kan lọ́wọ́, wọ́n á wò ó bíi dókítà, wọ́n á dá a padà. "Eyín ọmọdé," ni wọ́n máa ń wí. Àgbàdo ìlú wọn, hóró kan tó èékánná àtàǹpàkò.

Báyìí ni mo ṣe kọ́ Tarumayo. Àwọn tó ń fi ìbaaka kó ẹrù lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wa fàdákà ló kọ́kọ́ ń sùn síbẹ̀ nítorí omi. Àwọn kan nínú wọn rẹ̀ wọ́n, wọ́n dúró. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé agogo kọ́. Fàdákà tán, àwọn tó ń kó ẹrù kò gba ibẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n píìṣì àti àgbàdo kò tán. Òjò wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, ó máa ń le jù ní àsìkò Kérésìmesì, ó sì máa ń dáwọ́ dúró ní oṣù Kẹta tàbí Kẹrin. Oṣù Kẹfà àti Keje ni òtútù wọn. Atẹ́gùn kan máa ń wá láti gúúsù nígbà yẹn tí wọ́n ń pè ní surazo. Mo sọ fún wọn pé àwa náà ní ọyẹ́. Wọ́n bi mí bóyá ọyẹ́ tutù. Mo ní ó gbẹ ni, ètè á máa bó. Wọ́n ní surazo ní tirẹ̀ tutù, ó sì lọ́rinrin, ajá kì í jáde. A ń fi ojú ọjọ́ wa yangàn síra wa báyìí títí wọ́n fi lé wa jáde ní láíbìrì.

Mo bi wọ́n nígbà kan pé ọdún mélòó ni ìlú náà ti wà. Wọ́n ní ó ti lé ní igba ọdún dáadáa. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò bi wọ́n ní nǹkan kan sí i.

Nínú ìwé kẹtàlá, ọjọ́ mẹ́sàn-án wà tí kò ní nǹkan kan nínú. Kò sí òdo, kò sí àmì, òfìfo ni. Ọkùnrin tí kò fo ọjọ́ kan rí láti ọdún méjìlá, ó fo mẹ́sàn-án léra. Lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀, ìkọ̀wé kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ ìwé ṣọ̀wọ́n gan-an. Kò kọ "odò" mọ́ láé.

Kí ni ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá máa rò? Mo rò pé ẹnì kan kú. Bóyá ọmọ, bóyá ìyàwó àkọ́kọ́. Bàbá Eusebio ṣí ojú ewé yẹn láìsọ̀rọ̀, èmi náà kò sọ̀rọ̀. A kì í dédé bi àgbàlagbà pé ta ló kú lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ yẹn. Mo ní "ẹ kú ará fẹ́ra kù" nínú ọkàn mi, mo sì yí ojú ewé padà. Inú mi tilẹ̀ dùn sí ara mi pé mo mọ ìwà hù. Mo ṣe bí ẹni pé mo bá wọn pín nínú ọ̀fọ̀ náà.

Nígbà tí mo wá ya òjò náà sórí ìwé, ó hàn gbangba. Ọdún méjìlá, omi pọ̀ dáadáa. Láti ìwé kẹtàlá lọ, ó já wálẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan gé e, kò sì gòkè mọ́. Mo kọ ọ́ pé ojú ọjọ́ yí padà lójijì ní àfonífojì náà. Mo lo àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá. Olùkọ́ mi ní iṣẹ́ náà ń lọ dáadáa. Mo fi àwòrán ilà náà han Bàbá Eusebio ní kitchen àjà kẹrin, wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́ wọn, wọ́n fi ìka tọ ilà náà títí dé ibi tó ti já.

"Mo sọ fún wọn," ni wọ́n wí. Wọ́n tún un sọ. "Mo sọ fún wọn."

Wọ́n pe ilé ní ọjọ́ yẹn gan-an. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo Tarumayo ti gbọ́ pé ọmọ Nàìjíríà kan ní London ti rí òjò tó sá lọ.

Oṣù Keje wọlé. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí n fi dissertation mi ránṣẹ́. A jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, àwa méjèèjì ń mu tíì, Bàbá sì ń sọ̀rọ̀ nípa ọdún ẹni mímọ́ ìlú wọn.

"Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, gbogbo wọn á gun òkè lọ sí Tarumayo."

"Bàbá, ṣebí Tarumayo náà ni wọ́n wà."

"Wọ́n á lọ sí ti àtijọ́. Ibi tí wọ́n bí mi sí."

Mo gbé ife tíì mi sílẹ̀. "Àtijọ́ bíi ti báwo?"

"Àtijọ́. Kí a tó gbé e."

"Ẹ gbé kí ni?"

"Ìlú," ni wọ́n wí, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àga. "Títì dé ẹ̀yìn òkè kejì. Mọ́tò ń kọjá níbẹ̀, kì í dé ọ̀dọ̀ wa. A gbé ère ẹni mímọ́ ṣíwájú, a gbé agogo, a yọ ilẹ̀kùn, a ká páànù. Ẹran náà tẹ̀lé wa. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi kó o. Bàbá mi ò jẹ́ kí ìbaaka gbé ìgò òjò. Wọ́n wé e sáyà wọn bí ọmọ tuntun, wọ́n fẹsẹ̀ rìn ín."

 Ọjọ́ mẹ́sàn-án òfìfo inú ìwé kẹtàlá ló sọ sí mi lọ́kàn.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"O ò bi mí." Ó yà wọ́n lẹ́nu. "Kí sì ni mo fẹ́ sọ? Ìlú kan náà ni. Tí èèyàn bá pààrọ̀ yàrá, ṣé ó ti kó kúrò nínú ilé ni?"

Ohun tó wà nídìí ẹ̀ rọrùn débi pé ojú ń tì mí láti ṣàlàyé rẹ̀. Atẹ́gùn tó ń ru òjò máa ń wá láti ìlà oòrùn. Tó bá kan òkè, á gòkè, á tutù, á tú omi rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí i. Tó bá fi máa dé ẹ̀yìn òkè, díẹ̀ ló kù. Ọdún kejì ní yunifásítì ni wọ́n kọ́ wa. Òjò tí mo ní ó já kò já. Ìgò ló ré kọjá òkè lọ sí ẹ̀gbẹ́ tó gbẹ. Bàbá olùkọ́ kò kọ "odò" mọ́ nítorí pé odò kò sí níbẹ̀.

Mo pe Mummy ní ọ̀nà ilé, lórí bọ́ọ̀sì.

"Mummy, ọdún mélòó ni ìlú wa ti wà?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ara rẹ yá? Àwọn bàbá bàbá mi ló tẹ̀ ẹ́ dó."

"Ṣé níbi tí ilé wa wà yẹn?"

"Rárá o. Inú oko là ń gbé tẹ́lẹ̀. Títì ló fà wá jáde síta, kí wọ́n tó bí mi. Ṣé o ti gbàgbé ibi tí a máa ń lọ ro ojú oórì ìyá àgbà ni? Ibẹ̀ ni ìlú wà nígbà náà."

Mi ò gbàgbé. Ọdọọdún la máa ń lọ. Mo ti fi àdá gé koríko lórí ìpìlẹ̀ ilé àwọn baba mi, mo ti jókòó lórí ọlọ tí ẹnì kan fi sílẹ̀ níbẹ̀, mo jẹ búrẹ́dì.

"Èwo wá ni ìlú wa níbẹ̀, Mummy?"

"Méjèèjì ni. Ṣé o ti jẹun?"

Mo ti rò ó wò ju bó ṣe yẹ lọ. Bí òyìnbó kan bá ṣe àṣìṣe tí mo ṣe yìí, mi ò ní bá a wí. Ṣùgbọ́n inú àwọn tó gbé ìlú wọn wá sí etí títì, tí wọn ò yí orúkọ padà, tí wọ́n sì ń ka ọdún rẹ̀ lọ láìdánudúró, ni mo ti wá. Bí Bàbá Eusebio ṣe ka ọdún ìlú wọn ni ìyá àgbà mi ṣe máa ń ka tiwa. Ó yẹ kí n mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ ní kíláàsì yẹn. Nítorí pé ó mọ́ mi lára jù ni mi ò fi rí i. Láti ìgbà tí mo ti dé London ni mo ti ń bẹ̀rù pé ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn bá wà ni ilé ẹ̀, pé bí mo ṣe ń pẹ́ ni mò ń dẹ́kun láti jẹ́ ọmọ ilé. Àwọn èèyàn mi kò rò bẹ́ẹ̀ rí. Kò tiẹ̀ tó ìbéèrè lójú Mummy.

Mo lè fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ pé mo rò ó fún ọjọ́ méjì. Kò sẹ́ni tó máa lọ sí Tarumayo láti wo ibi tí ìgò wà. Bàbá á gba ohun tí wọ́n ń fẹ́, èmi á gba Masters. Ní ọjọ́ kẹta, mo lọ bá olùkọ́ mi, mo sọ gbogbo rẹ̀.  Ó ní, "Inú mi dùn pé ìwọ lo rí i." Ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Mo pín ìwé náà sí méjì, òkè àtijọ́ àti ẹ̀yìn òkè, mo tún gbogbo ẹ̀ ṣe. Ohun tí mo rí kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí mo kọ́kọ́ kọ. Òjò kò dín kù tó bẹ́ẹ̀ níbì kankan nínú méjèèjì. Ó kàn ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ni, láti ọdún dé ọdún.

Ó wá ku kí n sọ fún Bàbá. Àárọ̀ mẹ́ta ni mo fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ kànìnkànìn àti àpò ìdọ̀tí. Ní ọjọ́ kẹrin, ní kitchen, mo gbé àwòrán tuntun jáde, ilà méjì tí kò já. Mo ṣàlàyé ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ṣàlàyé jù, bí mo ṣe máa ń ṣe.

"Nítorí náà," ni wọ́n wí, "òjò kò sá."

"Rárá, Bàbá."

"Àwa la fi í sílẹ̀."

Wọ́n yíjú sí ibi tí a ti ń fọ abọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ife tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n fọ mẹ́fà. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, "good morning" àti "bye-bye" nìkan ló kù láàárín wa. Mi ò lè jẹun dáadáa. Aunty Sìdí rí i.

"Lọ bẹ̀ wọ́n."

"Aunty, kí ni mo fẹ́ bẹ̀? Òótọ́ ni mo sọ."

"Ta ló ní kó o bẹ̀bẹ̀ fún òótọ́? Ó dun bàbá olóbàbá. O ò lè kí wọn pé ẹ pẹ̀lẹ́? Ìwé ti wọ̀ ọ́ lórí jù." Wọ́n ju nylon ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan sí mi. "Má lọ lọ́wọ́ òfo."

Ní ọjọ́ kejì tí mo fi dissertation náà ránṣẹ́, mo lọ sí Deptford. Bàbá ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ohùn obìnrin kan ń pariwo láti inú ẹ̀. Wọ́n fà mí wọlé, wọ́n gba ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé fóònù sórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ni, Justa, tó ń gbé ní Tarumayo títí di òní. Wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ òjò náà fún un. Ẹ̀rín ló sì ń rín. Arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi mú un.

"Kí ni wọ́n sọ?"

Bàbá ń túmọ̀ pẹ̀lú ojú tó korò. "Ó ní gbogbo obìnrin ló mọ̀. Ó ní ọjọ́ kẹta tí a débẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé ilẹ̀ yìí gbẹ. Ó ní àwa ọkùnrin ń wo mọ́tò." Wọ́n fetí sílẹ̀. "Ó ní ìgò bàbá wa là ń wò, a ò wo ìkòkò omi tó wà lórí àwọn obìnrin."

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi. Bàbá wò mí. Ètè tiwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu wọn, wọ́n ní láti jókòó.

Justa kò tíì parí ọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀nà kékeré kan ti dé òkè àtijọ́ báyìí, ìdílé mẹ́ta ti padà síbẹ̀. Ó ní ògiri ilé bàbá wọn dúró síbẹ̀, igi píìṣì ẹ̀yìnkùlé sì ń so, kò sẹ́ni tó ń ká a. Ó ní òun ti dàgbà, òun ò fẹ́ máa bá fóònù ṣeré mọ́. Kí Eusebio wálé. Kí ó fún òun lésì ní ọjọ́ Àìkú.

Nígbà tí fóònù kú, Bàbá din ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, wọ́n din ín jù. A jẹ ẹ́. Wọ́n wá kọjú sí mi.

"Gbogbo ọdún yìí, mo mọ̀ pé kò sí ibi tí mo fẹ́ padà sí, nítorí òjò ti lọ. Ọkàn mi balẹ̀ sí ìyẹn. Ní báyìí ìwọ lo ka òjò. Ṣé omi á tó lókè yẹn? Ṣé kí n lọ?"

Mo ní kí wọ́n fún mi láyè kí n rò ó. Ọjọ́ Ẹtì lónìí, mi ò tíì mọ ohun tí màá sọ.

Ìwé bàbá wọn sọ pé omi á tó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n gbé ìgò kúrò lókè ni ìwé ti òkè parí, ó ti pẹ́ gan-an, mi ò sì mọ ohun tí òjò òkè yẹn ti ń ṣe láti ìgbà náà. Ìyẹn ni ìdáhùn ẹni tó kàwé. Èyí tó ṣòro ni pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí, àgbàlagbà sì ń bi mí bóyá kí òun padà sílé. Àwọn ọmọ ọmọ wọn wà ní Forest Hill. Ẹ̀gbọ́n wọn ń dúró. Bí mo bá sì fẹ́ sọ òótọ́ bí mo ṣe sọ ti àkọ́kọ́, mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ. Àwọn nìkan ni ẹni tí mo ní níbí tó mọ̀ pé omi tó ń bọ́ lójú ọ̀run ìlú yìí kì í ṣe òjò. Bí mo bá ní kí wọ́n dúró, mi ò ní mọ̀ bóyá ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀ tàbí ìbẹ̀rù mi. Bí mo bá ní kí wọ́n máa lọ, bóyá kí wọ́n má bàa sọ pé mo di wọ́n lọ́wọ́ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ lẹ́yìn odi jù mí lọ, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti padà sílé tẹ́ ẹ sì ń kà mí láti ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kí ni kí n sọ fún Bàbá Eusebio kí ọjọ́ Àìkú tó pé? Bí wọ́n bá sì lọ, báwo ni ẹ̀yin ṣe ṣe é ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ débi iṣẹ́, tí ẹ ò rí ẹni tó ń na ìka sí ohun tó wà lẹ́yìn fèrèsé fún yín?